Ẹni Tó Ń Ka Lẹ́tà Mi Tí Kì Í Ra Nǹkan Kan

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní D-Line, níbi tó jìnnà sílẹ̀ Yorùbá, mo ń ta bẹ́díṣíìtì, ìrọ̀rí, táwẹ́ẹ̀lì àti kọ́tìnnì. Mo máa ń bẹ ẹni tó bá wọlé kó kọ ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀, kí n lè máa kọ lẹ́tà sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń fi gbólóhùn Yorùbá méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí àárò ilé ń sọ mí.

Lọ́jọ́ kan mo kọ̀wé nípa táwẹ́ẹ̀lì òtẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó tuntun kan fèsì pé, "Aunty, I no get hotel o. Na one room we dey." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí díẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo, ló wá fi táàgì hàn mí lórí kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí alágbàfọ̀ yín máa ń so àmì mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kó tó da gbogbo wọn pọ̀ sínú omi? Bí táàgì ṣe rí nìyẹn. Orúkọ èèyàn lẹ̀yin máa so tiyín mọ́, kí irú èèyàn kọ̀ọ̀kan lè máa gba lẹ́tà tó kàn án."

A bẹ̀rẹ̀ sí í so ó: ìyàwó tuntun, onílé tuntun, olótẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ la ti kan àdírẹ́sì ímeèlì kan tó jẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà lásán, tí kò ní orúkọ èèyàn nínú. Kọ̀ǹpútà fi hàn pé ẹni náà ti ń ṣí gbogbo lẹ́tà mi láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì ra nǹkan kan rí.

Àbúrò mi ní, "Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó kàn ń gba àyè ni."

Mi ò lè yọ ọ́. Mo fẹ́ mọ̀. Mo so táàgì kan mọ́ ọn, mo pè é ní "Ta Ni?", mo sì kọ̀wé sí i, mo bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ló ń wá nínú lẹ́tà mi.

Ọjọ́ kẹrin ló fèsì. Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní Eliozu ni. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, Ikwerre sì ni ìyá rẹ̀. Ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àtìgbà náà ni wọn ò ti sọ Yorùbá nínú ilé wọn mọ́.

Ó kọ ọ́ pé, "Madam, no vex. Na that small Yoruba for bottom I dey read. I dey read am loud. Abeg, wetin be 'ẹ kú ọ̀rinrin'? My papa dey talk am for door when rain fall."

Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń kí ara wa nígbà tí òjò bá mú kí ibi gbogbo tutù nìyẹn. Mo yọ "Ta Ni?" kúrò, mo fi "Yorùbá" rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo ń rò ó bóyá òun nìkan kọ́. Mo fi ìlà kan sí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e: ẹni tó bá ń kà á nítorí Yorùbá ìsàlẹ̀, kó tẹ ibí. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, táàgì "Yorùbá" náà á so mọ́ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mọ́kànlá ló tẹ̀ ẹ́. Olótẹ́ẹ̀lì kan wà nínú wọn, ọmọ Kalabari. Ó ní Ìbàdàn lòun ti kàwé. Ìyá kan ní Woji ní òun ń kà á sétí àwọn ọmọ òun, wọ́n sì ń fi òun rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, àwọn yẹn ń gba lẹ́tà tiwọn lóṣooṣù, Yorùbá látòkè délẹ̀, láìsí bẹ́díṣíìtì kankan nínú rẹ̀. Àbúrò mi bi mí pé èrè wo ló wà níbẹ̀. Mo ní mi ò tíì mọ̀. Mẹ́ta nínú wọn ò tíì fèsì rí, síbẹ̀ wọ́n ń ṣí i. Mò ń ro bí màá ṣe bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀.