Fíìmù Oòrùn Tí Mo Lò Nínú Ilé

Mo kéré, n kò ju ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nígbà tí bàbá mi tó jẹ́ fọtogíráfà ní àdúgbò Fájuyì gbà mí láyè láti máa dá gbé kámẹ́rà jáde. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé títẹ fóònù ni o. Fíìmù là ń lò, irú kan kò sì jọ ìkejì. Èyí tí wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún sí lára, aláwọ̀ ni, oòrùn ló sì ń fẹ́. Èyí tí wọ́n kọ irinwó sí ló wà fún inú ilé, àmọ́ dúdú-àti-funfun nìkan ni bàbá mi máa ń rà nínú tiẹ̀, torí àwa fúnra wa la ń fọ̀ ọ́. Aláwọ̀ ní tiẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Ìbàdàn ló ń bá wa fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ní Igbemo ránṣẹ́ pè wá. Wọn kò ya fọ́tò rí láyé wọn. Iná kámẹ́rà wa ti bàjẹ́, bàbá mi sì kìlọ̀ fún mi pé bí màmá bá ní inú ilé làwọn máa jókòó, kí n yọ ọgọ́rùn-ún, kí n ki irinwó bọ̀ ọ́.

Mo bá màmá nínú aṣọ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, aláwọ̀ àlùkò, pẹ̀lú gèlè funfun. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáde síta. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

“Nínú ulé ọkọ mi ni kí o ti yà mí, ọmọ mi. Orí àga rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi ti máa rí mi.”

Irinwó wà nínú báàgì mi. Àmọ́ aṣọ àlùkò yẹn wọ̀ mí lójú, mo sì ń fẹ́ kí gbogbo Igbemo sọ pé mo mọ aláwọ̀ yà. Mo ṣí fèrèsé, mo fi ọgọ́rùn-ún tó wà nínú kámẹ́rà yà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Kí fọ́tò tó ti Ìbàdàn dé, màmá ti dolóògbé. Mo ṣí àpòòwé, mo fa fọ́tò yọ. Òkùnkùn ni. Gèlè nìkan ló hàn díẹ̀, kò sí ojú lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé ìta ni màmá jókòó, pé ẹni tó fọ̀ ọ́ ló bà á jẹ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Bàbá mi bá ọ̀rẹ́ wọn ará Ìbàdàn jà, wọn kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú màmá, Bíbélì wọn ni àkọ́bí wọn gbé sórí tábìlì níbi tó yẹ kí fọ́tò wà. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jẹun.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ tèmi ò tíì bá irọ́ mi, èmi ni mo ń dá a dúró. Ojú ń tì mí.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ń ya oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ọmọ-ọmọ mi ra kámẹ́rà onífíìmù wálé lóṣù tó kọjá, ó ní òun ló wà lóde báyìí. Ó kó páálí fíìmù méjì síwájú mi, ọgọ́rùn-ún àti irinwó.

“Màmá àgbà, èwo ló dáa jù?”

Mo bi í pé ta ló fẹ́ yà.

“Ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó síbi tí ẹ bá fẹ́.”

Mo mú irinwó fún un. Mo jókòó sórí àga ọkọ mi. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò lè rẹ́rìn-ín.