Búrẹ́dì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Tu Dànù

Kò sí ẹni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Atọ́wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ahọ́n rẹ̀ ló sì fa orúkọ náà. Nínú ilé búrẹ́dì rẹ̀, òṣùwọ̀n wà, ife tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ wà, ṣùgbọ́n bí ẹni gbé wọn síbẹ̀ fún àlejò ni. Bí wọ́n bá ti po ìyẹ̀fun tán, á já díẹ̀ níbẹ̀, á sọ ọ́ sẹ́nu ní tútù, á dijú. "Iyọ̀ ò tíì dé ibẹ̀." Tàbí kó ní, "Ta ló da ṣúgà sí èyí bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀?" Àfi tó bá ní "Ó yá" ni ìyẹ̀fun tó lè wọ páànù. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rù ahọ́n yẹn, nítorí ẹnu tó ń tọ́ búrẹ́dì wò náà ló ń bú èèyàn, kì í sì í mọ ẹni tó dàgbà yàtọ̀ sí ẹni tó kéré.

Ọkọ rẹ̀ ló ń fi mọ́tò gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ kan náà lòun fẹ́ ìyàwó tòun tilé ẹjọ́. Kò sí àárọ̀ tí wọn kì í jà. Bí kò bá jẹ́ pé ó to búrẹ́dì lérí ara wọn tí tìsàlẹ̀ fi tẹ̀, á jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó dé. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n ti fẹ́ túká, bẹ́ẹ̀ ìjà yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣeré.

Ìgbà tí kókó kan yọ sí ọmú Ìyá Atọ́wò, tí dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò, tó sì ní jẹjẹrẹ ni, ọjọ́ náà ni ìjà dópin nínú ilé. Bàbá tó ti ń pariwo láti ìgbà tó ti gbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tí obìnrin náà bá ní òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, á ní, "Lóòótọ́ ni." Àbúrò rẹ̀ obìnrin kó wá sílé láti wá tọ́jú rẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná. Inú rere ni gbogbo rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n inú rere míì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi bo èèyàn mọ́lẹ̀, kò ní ríbi mí.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló sọ fún àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ.

"Ẹ̀rù kí ni, Àǹtí mi? Ẹ má fẹnu yín sọ ọ́. Ẹ ò ní kú, ẹ ṣì máa gbé ọmọ-ọmọ yín jó."

"Mi ò sọ pé mo fẹ́ kú. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ náà. Ìyẹn ní, "Jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ míì," ó sì na ọwọ́ tan rédíò. Wọ́n rò pé bí wọn ò bá jẹ́ kó sọ ọ́ jáde, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù tí wọn ò jẹ́ kó gba ẹnu rẹ̀ jáde padà sínú, ó jókòó síbẹ̀. Tó bá fẹ́ sunkún, balùwẹ̀ ló ń lọ, á ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà, kí wọ́n lè rò pé ó ń wẹ̀. Obìnrin tó ń fi ohùn rẹ̀ jí àdúgbò tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń jí ẹkún sun nínú ilé ara rẹ̀.

Ní ọsibítù ńkọ́? Wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó ń tọ̀ dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wo egungun, wọ́n ní èyí tó ń wo ẹ̀dọ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó bi í rí pé kí ló máa ń rò nígbà tó bá ku òun nìkan.

Ẹnì kan ṣoṣo tó bi í, aláìsàn bíi tirẹ̀ ni. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù ni, ọ̀nà ọ̀fun ni jẹjẹrẹ tirẹ̀ wà, ohùn rẹ̀ sì ti há. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n máa ń jókòó sí de ìgbà tí wọ́n á pè wọ́n wọlé lọ gba oògùn.

"Ìyá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. "Ó ń bà mí, bàbá."

"Èmi náà. Bíréèkì ti já mọ́ mi lẹ́sẹ̀ rí lórí òkè, mo kó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀rù ò bà mí tó báyìí." Ó húkọ́ díẹ̀. "Nílé mi, wọ́n ti sọ mí di ẹyin. Wọn ò bá mi jiyàn bọ́ọ̀lù mọ́. Ọmọ tí mo bí wá ń sọ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mi ló dáa jù. Ọmọ yẹn, ó kórìíra wọn."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, títí nọ́ọ̀sì fi yọjú wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ oògùn tí gbogbo èèyàn ń sá fún wá di ọjọ́ tí Ìyá Atọ́wò ń retí. Ó máa ń bì lẹ́yìn rẹ̀, irun rẹ̀ ti re tán, síbẹ̀ á tún múra kíákíá, nítorí orí bẹ́ǹṣì yẹn nìkan ló ti lè sọ tinú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó dé ọ̀hún, bẹ́ǹṣì ṣófo. Ó bi nọ́ọ̀sì léèrè bàbá náà.

"Wọ́n ti gbé wọn lọ sílé, Màmá. Ẹ má ronú, ẹ ṣáà máa gba oògùn yín."

Wọn kì í sọ fún èèyàn pé kó má ronú, àfi tí ohun tó yẹ kó ronú lé lórí bá wà. Ó mọ irú ilé tí wọ́n gbé bàbá náà lọ, ilé tí èèyàn kì í ti í padà wá. Ọjọ́ yẹn náà ni dókítà pe ọkọ rẹ̀ wọ yàrá inú, tí wọ́n fi òun tó ni àìsàn sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ tí àwọn òbí ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde, ó ti bọ́jú.

"Dókítà ní ara rẹ ń gba oògùn náà," ló wí. Ògiri ló ń wò.

Ìyá Atọ́wò fẹ́ gbà á gbọ́. Ìgbà míì á gbà á gbọ́ láàárọ̀, ìgbàgbọ́ á ti tán kó tó di ọ̀sán.

Ohun kan wà tí òun náà fi pa mọ́ fún wọn. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i níṣan ti gbé ìtọ́wò lọ lẹ́nu rẹ̀. Omi dà bí irin lẹ́nu rẹ̀, iyọ̀ ò sì yàtọ̀ sí iyanrìn mọ́. Kò lè sọ ọ́. Wọ́n ti gba ìgbálẹ̀, wọ́n ti gba ilé ìdáná. Bí wọ́n bá tún gbọ́ pé ahọ́n ti lọ, kí ló kù tí wọ́n á máa pè ní Ìyá Atọ́wò? Torí náà, láràárọ̀, á lọ sílé búrẹ́dì, á fọwọ́ ara rẹ̀ po ìyẹ̀fun tirẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe, á já díẹ̀ sẹ́nu, á dijú. "Ó yá." Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó dá búrẹ́dì padà. Ó wá ń rò ó lọ́kàn pé ọwọ́ òun ò tíì gbàgbé iṣẹ́. Ìyẹn nìkan ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ bà jẹ́ ní ọsibítù, tí wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa lọ sílé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sílé búrẹ́dì. Ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ rí, tó ń da búrẹ́dì gbígbóná sínú àpò. Ó wo orí wọn, ó rí àmì àtàǹpàkò rẹ̀.

"Níbo lò ń kó ìyẹn lọ?"

Ọkùnrin náà ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sìn, Màmá. Èyí tí kò ṣeé jẹ ni wọ́n máa ń fún mi lójoojúmọ́. Màá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi ná, iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ gan-an máa ń yínmú sí i."

Ẹni tó ń mójú tó ààrò, tó ti bá a ṣiṣẹ́ látìgbà tí ilé búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀, jáde síta lákòókò yẹn. Ó rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Dádì ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ẹ máa po tiyín, kí ẹ má baà ronú. Tí ẹ bá ti lọ, a máa ń po òmíì."

"Látìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

Ìyá Atọ́wò àtijọ́ ì bá ti bú u títí dórí ẹni tó bí i lọ́mọ. Èyí kàn ní, "Dìde, aṣọ ẹ ti funfun," ó sì kọjá lọ sílé. Kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀ ló dùn ún jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn ún. Ohun tó jókòó sétí ibùsùn tó ń rò ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń wojú òun látọjọ́ yìí, tí wọ́n ń sọ pé ẹ ṣé, lórí ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń yínmú sí. Ojú wọn ò yẹ̀. Kí ni wọn ò wá lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sọ fún òun?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó po ìyẹ̀fun díẹ̀. Ó bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ sí i, ó wo iyọ̀ náà bó ṣe ń wọlé, ó tún bù sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àṣìṣe. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́: ẹnikẹ́ni tó bá tu búrẹ́dì yìí dànù nínú wọn, ẹni yẹn lòun máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni yẹn lòun máa sọ fún pé ẹ̀rù ń ba òun, ẹni yẹn lòun sì máa bi ní ohun tí dókítà sọ, torí òun á lè gba èsì ẹni náà gbọ́.

Nígbà tó yan án tán, àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ fún. Ìyẹn gé e jẹ, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Àǹtí mi, ọwọ́ yín yìí ò yí padà o," ló wí, ó sì yára gba ẹ̀yìn jáde.

Ó wá ku ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú fìlà lórí, ó ti fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. Ó gé búrẹ́dì náà jẹ. Àgbọ̀n rẹ̀ dúró. Ìyàwó rẹ̀ jókòó kọjú sí i, ó sì ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ẹ tu ú dànù, Dádì. Ẹ bú mi. Ẹ bi mí bóyá mo fẹ́ fi iyọ̀ pa yín ni. Ká ní ọkọ rẹ̀ ju búrẹ́dì yẹn lù ú láyà lọ́jọ́ náà, ì bá ti dì mọ́ ọn.

Ọkọ rẹ̀ gbé e mì.

"Ó dùn," ló wí.

Ó jẹ èyí tó kù. Ó tún na ọwọ́ mú òmíì, ó jẹ ẹ́ tán, iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ bó ṣe ń gbé e mì. Ìfẹ́ ni. Ta ló máa jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tí kò fẹ́ràn? Ohun tó sì wá ń bí mi nínú nìyẹn, pé kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí èèyàn ì bá dájọ́ fún. Ó mu omi ife kan, ó tún bu òmíì.

"Dádì."

"Hẹn."

"Ọjọ́ tí dókítà pè yín wọlé, kí ló sọ?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Ṣebí mo ti sọ fún ẹ. Ó ní ara rẹ ń gba oògùn náà. Ó ní wàá gbádùn."

Ohùn tó fi sọ pé búrẹ́dì dùn náà ló fi sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò sì yí padà. Báyìí ni Ìyá Atọ́wò ṣe gbọ́ ohun tí dókítà sọ gan-an.

"Ẹ ṣé, Dádì," ló wí. Kò sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó kó àwo kúrò níwájú rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́.