Wọ́n Ti Tú Mi Sílẹ̀

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe. Bí mo bá ṣi abẹ́rẹ́ gún fún ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá, ilé ni màá bá ara mi. Nínú bésíbọ́ọ̀lù tí ọmọ mi ń gbá jẹun, ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní irú iṣẹ́ rádaràda wo nìyẹn. Òun rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Dókítà ni mo fẹ́ kó dà. Ó jáde ní yunifásítì ní College Park níbí ní Amẹ́ríkà tán, igi ló gbé.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ku ìpele méjì sí àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú nígbà tí òtútù ń lọ, láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù ti kọ̀ fún un. Ó pè mí pé bí nǹkan ò bá yí padà kí oṣù tó parí, wọn ò ní fi òun sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Mo fi èébú dá a lóhùn. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà: Olúwa, tú ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó dè é. Mi ò sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Bowie, ìlú tí kò jìnnà sí wa. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti ọsibítù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá fojú ara mi rí i níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló dúró gbá. Ó fi igi na afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìkẹrin lọ sókè, ẹnì kan sì hán an wẹ́rẹ́, òfo ni ìyẹn náà. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi pariwo pé kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo yíjú padà láti bú u, àmọ́ ohun tó sọ, èmi náà ti sọ ọ́ nílé àìmọye ìgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ó wá bá mi nílé ní Adelphi. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ sí mi. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo nìkan ló máa ń wá Yorùbá kàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Mọ́mì, wọ́n ti tú mi sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo kọrin, mo jó, mo dì mọ́ ọn, mo ní òun lọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn, mo gbé fóònù sí ọmọ mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ mi, o kú oríire. Òkè òkè ni wàá máa lọ." Ó ní, "Àmín, mà. Ẹ ṣé, mà."

Mo wá bi í léèrè ọjọ́ tó máa lọ sí ẹgbẹ́ ńlá.

"They cut me, Mọ́mì," ó ní. "Wọ́n lé mi."

Nínú iṣẹ́ wọn, "release", ìtúsílẹ̀, ni wọ́n ń pe kí wọ́n léèyàn. Ó ní òun ti wo ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù kóun tó wọlé, kóun má bàa ṣì í sọ.

Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò dá mi dúró? O jẹ́ kí n máa jó bíi wèrè, o tún jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa súre fún ọ?"

Ó wolẹ̀. "Inú yín ń dùn. Ẹ ò kí mi kú oríire rí, Mọ́mì, lórí bọ́ọ̀lù."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wá ẹ̀ẹ̀kan péré tí mo kí i láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, tí mo lè fi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Mi ò rí.