Ọmọbìnrin Tó Ń Retí Àlejò

Bí mo bá ń fi òrí pa ara ọmọ mi, mo máa ń rántí ọmọbìnrin kan tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nílé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orí mi dàrú lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi, ni wọ́n fi gbé mi débẹ̀. Òun ò tíì pé ogún ọdún. Bó bá ti di ọjọ́ àlejò, á tọrọ òrí mi, á fi pa ẹsẹ̀, á jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn.

“Àǹtí, àwọn màmá mi ti kúrò ní Ọ̀yọ́, wọ́n á ti dé Ọjà Igbó báyìí.”

Ẹnì kankan kì í wá.

Dókítà ní ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kó tó lè lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi wá mú mi, ọmọbìnrin náà fà mí láṣọ. “Ẹ ṣáà ní àbúrò yín ni mí.”

Nọ́ọ̀sì gbọ́. “Ṣé lóòótọ́ ni?”

Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lọ dá èmi náà dúró. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí níta. Ọmọbìnrin náà ò bú mi.

Nígbà tí mo délé ní Ọ̀yọ́, mo wá ilé àwọn òbí rẹ̀ tó máa ń júwe fún mi lọ lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, kí wọ́n lè lọ fọwọ́ sí i. Àwọn tó wá tọrọ àbúrò rẹ̀ fún ọmọ wọn ló kún pálọ̀. Mo sọ ibi tí mo ti ń bọ̀, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí n wọlé.

“A ò lọ́mọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ o.”

Ó yé mi. Ta ló ń fẹ́yàwó nílé tí wọ́n ti ń ya wèrè? Mo ti yí padà kí ìyá náà tó sáré tẹ̀ lé mi, tó rọra di apá mi mú.

“Ìyàwó, ṣé ó ń jẹun?”