Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà Òyìnbó Lẹ́yìn Asti

Láàárọ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wá gé koríko abẹ́ ilé wa ní Nichelino ní Italy níbí, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn òtútù. Òórùn koríko tútù náà gba ojú fèrèsé wọlé bá mi nídìí kọfí, ó sì gbé mi padà sínú ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá mi ní. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti ní mọ́tò tiyín, tí ẹ ń ya fọ́tò gbogbo abúlé tí ẹ bá gbà kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ìsẹ́yìn ni mo ti dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, títí wọ́n fi kú. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi ṣe ìwé tí mo fi wá bá àwọn àti màámi ní Italy. Mo sì bá ọmọkùnrin kan nílé: Rídíwàánù, àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, tí wọ́n bí síbí. Ó mọ orúkọ gbogbo búrẹ́dì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń pe bàbá mi ní «papà» bí ẹni pé òun nìkan ló ni wọ́n. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo jowú ọmọ náà débi pé bó bá ń rẹ́rìn-ín, màá dìde kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, nígbà tí igi ń rúwé, a ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi ní Padova. Màámi ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwa ọkùnrin mẹ́ta la lọ. Ọkọ̀ bàbá mi kì í fẹ́ rí autostrada, ọ̀nà márosẹ̀ tiwọn. Bó bá ti sáré díẹ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. La bá gba ọ̀nà inú oko. Bàbá mi ní torí kí àwa ọmọ lè rí ayé ni. Irọ́ ni o. Òùngbẹ ọkọ̀ ló ń yan ibi tí a óò ti dúró. Bí omi bá ti gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì, ibi tó bá bọ́ sí la ti máa sọ̀.

Bí a ṣe rí àwọn òkè Asti nìyẹn, pẹ̀lú àjàrà tí kò tíì ní ewé, àti igi tó tú òdòdó funfun bo ara rẹ̀ bí ìyàwó. Abúlé kan wà tó jẹ́ pé ajá nìkan ló jáde wá kí wa, ó sì kí wa dáadáa. Ní gbogbo ibi tí a bá dúró sí, Rídí ló ń kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀. «Agbẹnusọ mi, lọ bá wa tọrọ omi!» Bàbá mi á wí, wọn á máa rẹ́rìn-ín bí Rídí ṣe ń da Italian bolẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn, mo gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lé itan. «Ìwọ, di nǹkan yẹn mú kó má dà.» Gbogbo ohun tí wọ́n bá mi sọ láti Nichelino nìyẹn.

Lẹ́yìn Asti, èéfín bo iwájú ọkọ̀, a yà sínú àgbàlá oko kan. Ìyá àgbà kan jáde wá, ó wọ bàtà òjò, ó fi ìborí so irun funfun, ó ń fi ìgò fún ọmọ ewúrẹ́ lọ́mú. Rídí ti bẹ̀rẹ̀ «buongiorno, signora» tirẹ̀. Èmi rí ewú, mo rí ẹ̀yìn tó tẹ̀, ara mi ò sì béèrè lọ́wọ́ mi. Mo gbé kúlà kalẹ̀, mo nà gbalaja sórí erùpẹ̀.

«Ẹ káàárọ̀, mà!»

«Madonna! Il bambino!» Ìyá náà rò pé mo dákú. Ó ju ìgò sílẹ̀, ó gbá mi mú lábíyá, ó ń fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ó gbóná. Rídí fi ọwọ́ bojú, ó ń pariwo pé kí wọ́n sọ fún mi kí n dìde. Bàbá mi sáré dé: «Saluto, signora! Da noi, così!» Nígbà tó yé ìyá pé ìkíni ni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì gbé ìgò lé mi lọ́wọ́. Rídí náà nawọ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ké mẹ̀ẹ́, Rídí bá sá. Èmi tí mo ti da ewúrẹ́ n'Ísẹ́yìn, mo fi orúnkún há a, ó ń mu wàrà gùdùgùdù.

Inú mi dùn! Mo gbójú sókè kí bàbá mi lè rí mi. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n ń rọ omi sínú ọkọ̀, omi náà sì ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò.

A ò tíì rìn jìnnà tí Rídí fi bú sẹ́kún, tó ń fi Italian rojọ́. Mo ní, «Bàámi, kí ló ń sọ?»

«Ó ní ìwọ ní ìyá àgbà rí. Ó ní òun ò ní.»

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ẹni tó ní gbogbo nǹkan, tó wá ń jowú mi nítorí arúgbó tó ti kú!

Nígbà tó yá, a dé ibi tí wọ́n ti da omi bo oko ìrẹsì lọ rẹrẹẹrẹ, tí ojú ọ̀run wà nísàlẹ̀ tó tún wà lókè. Ọkọ̀ kò tọrọ omi, síbẹ̀ bàbá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

«Ta ló kọ́ ọ kí àyà kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?»

«Ìyá àgbà ni, sà.»

«Ṣé wọ́n ṣì máa ń tẹ èèyàn lẹ́yìn nígbà tìẹ náà bí àyà ò bá kanlẹ̀?»

«Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́, sà. Wọ́n á ní ewúrẹ́ pàápàá ń fàyà kanlẹ̀ kó tó sùn.»

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. «Ìwọ lo sin ìyá mi. Permesso mi, ìwé ìgbélùú, ò tíì jáde nígbà yẹn, mi ò lè lọ. Bí mo bá ti wò ọ́, ìyẹn ni mo ń rántí.» Wọ́n yí ojú sí mi. «Mo ń jowú ẹ, ọmọ yìí.»

Rídí nu imú. «E poi?» Ó fẹ́ mọ ohun mìíràn tí ìyá àgbà máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, bàbá mi ń túmọ̀ fún un, wọ́n sì ń fi tiwọn kún un, èyí tí èmi náà ò gbọ́ rí, títí a fi wọ Padova.

Nísinsìnyí, Rídí ní ọkọ̀ tí òùngbẹ kì í gbẹ. Bí ìgbà yìí bá ti dé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa kiri abúlé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, fóònù ló ń júwe ọ̀nà, wọn kì í sì í yà tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi wà nídìí iṣẹ́ alẹ́, mo ń wo fọ́tò wọn, owú ṣì ń jẹ mí. Ó tún máa ń dùn mí pé mo fi oṣù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá ọmọ ọdún méje ṣọ̀tá nínú ọkàn mi, òun ò sì mọ̀.

Bàbá mi ti padà sí Ìsẹ́yìn. Bí mo bá pè wọ́n, Rídí ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi ṣáá. Rídí ní bí òun bá pè, ọ̀rọ̀ tèmi ni wọ́n máa ń sọ. Inú á bí àwa méjèèjì, kálukú á wá pe èkejì rẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n bá a sọ tí wọn ò bá òun sọ. Bí kì í bá ṣe ti owú yìí ni, ta ni ì bá máa pe ta?