Fèrèsé Àjà Kẹsàn-án

Ní ilé alájà mẹ́jọ tí Zornitsa Topalova gbé dàgbà ní Ruse, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè máa ń ṣìnà. Èèyàn á tẹ àjà kẹta, ẹ̀rọ á gbé e kọjá ibẹ̀. Ilẹ̀kùn á ṣí síwájú ògiri lásán, á sì tún padé. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ ìhunṣọ, kì í jẹ́ kó bẹ̀rù. "Ó ti gbó ni," ni obìnrin náà máa ń wí, "bí èmi náà ṣe ń gbó yìí." Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àjà kẹsàn-án kan wà lókè àjà kẹjọ, àti pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wá.

Nígbà tó dàgbà, ó sọ èrò yẹn di ìtàn. Lọ́sàn-án, ó ń ya àwòrán ara páálí oògùn fún ilé iṣẹ́ kan; ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ya ìtàn alàwòrán tirẹ̀, ó sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àjà Kẹsàn-án ni ó pe orúkọ rẹ̀. Àwọn tó bá ṣèèṣì débẹ̀ kì í gbó, ebi kì í pa wọ́n; ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń dúró sí tí wọ́n ń wo ìta. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Zornitsa ló sì ṣe é, lọ́jọ́ kan tí kò mọ ohun tí òun ìbá yà: kò sẹ́ni tó lè bá ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀ àfi kí ẹlòmíràn gòkè wá dúró sójú fèrèsé tó fi sílẹ̀. Ó fẹ́ràn òfin náà nítorí pé ó ń jẹ́ kí ìtàn máa lọ. Kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Asparuh Denkov, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré, kó ìtàn náà jọ sínú ìwé, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri: ìpàtẹ ìwé ní Sofia, àpéjọ àwọn tó ń múra bí ẹni inú ìtàn ní Plovdiv, Varna, Burgas létí òkun. Ẹni tó bá ra ìwé alàwòrán kì í gba ìbuwọ́lùwé lásán. Ó fẹ́ kí ayàwòrán ya nǹkan sí ojú ewé àkọ́kọ́ níṣojú òun. Fèrèsé kan ni Zornitsa máa ń yà, á sì fi ojú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ sínú fèrèsé náà. Ní etí ewé, á ya ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Pípadé ni ilẹ̀kùn yẹn máa ń wà.

Ní Burgas, lábẹ́ àgọ́ ìpàtẹ ìwé, ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ìlú wá jókòó síwájú rẹ̀ tòun taṣọ iṣẹ́. Kuzman Pehlivanov lorúkọ rẹ̀. Ó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lòun máa ń ka ìtàn náà sókè fún ìyá òun, tí ojú rẹ̀ kò gba lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bu imú yìí kù o," ló wí. "Bí ẹ bá bù ú kù, màmá ò ní mọ̀ pé èmi ni."

"Imú wo?" Asparuh dá sí i láti ẹ̀yìn àpótí ìwé. "Bá ò bá bù ú kù, ṣé ojú ewé á gbà á?"

"Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ẹni tí ẹyẹ lè yé sí irùngbọ̀n rẹ̀ tí kò ní mọ̀."

Zornitsa rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé gègé sílẹ̀. Ó ya imú náà pé pérépéré. Kuzman gba ìwé, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì jáde lọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ní Plovdiv, Zornitsa ń rìn lọ sí gbọ̀ngàn àpéjọ láàárọ̀, kọfí gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìkéde òkú wà káàkiri òpópónà náà bó ṣe máa ń wà ní gbogbo òpópónà: lára ilẹ̀kùn, lára igi, níbùdókọ̀, ewé funfun ẹlẹ́tí dúdú, àwòrán olóògbé láàárín. Èèyàn kì í wò wọ́n mọ́ àfi bó bá jẹ́ tẹni ẹni. Ó ti kọjá ilẹ̀kùn kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró fúnra rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn. Níbi tó yẹ kí fọ́tò wà nínú ìwé náà, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló rí: fèrèsé kan, ọmọbìnrin onírun kúkúrú kan nínú rẹ̀. Iskra, akẹ́kọ̀ọ́. Ó rántí ọmọ náà. Ọmọbìnrin náà ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbàgbé yẹtí òun. Yẹtí náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Iskra kan wá síbi tábìlì lọ́sàn-án, ó sì ṣàlàyé. Ọkọ̀ ló kọ lù ú. Àwọn òbí rẹ̀ wo gbogbo fọ́tò tó wà nílé, wọ́n ní kò sí èyí tó jọ ọ́ tó àwòrán yẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yin Zornitsa, Zornitsa sì dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, òdòdó pupa méjì wà lórí tábìlì, wọn kò sì mọ ẹni tó gbé wọn síbẹ̀.

"Òdòdó méjì?" ni Asparuh wí. "Ṣé wọ́n rò pé sàréè la pàtẹ sí ni? Òkú là ń fún ní òdòdó méjì; alààyè kì í gba méjì." Ó fa ọ̀kan yọ, ó jù ú nù. Kò ṣàwàdà mọ́ títí tí wọ́n fi dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Ní Varna, Zornitsa tún rí ìwé ìkéde mìíràn lára igi kan: ọkùnrin kan tó ti yà lọ́dún tó kọjá, tó ní kó fi ajá òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Wọ́n ti gé ajá náà kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tí Zornitsa bá yà á kú. Ìlà iwájú tábìlì rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn kúrú. Ó gùn sí i ni, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọwọ́ rẹ̀ làwọn èèyàn ń wò, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní kó bá àwọn ya ọ̀gá àwọn níbi iṣẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, àmọ́ wọ́n ti mú fọ́tò ọ̀gá náà dání. Láti ọjọ́ yẹn, Zornitsa kò ya ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ológbò tó ń sùn lórí àtẹ̀gùn ló ń yà fún wọn.

Nígbà tí ìpàtẹ ìwé Burgas tún dé, obìnrin arúgbó kan tó wé gèlè dúdú tò títí ó fi kan tábìlì. Kò ra ìwé. Ó yọ èyí tó mú wá láti inú ọ̀rá, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Imú náà ni Zornitsa kọ́kọ́ rí.

"Dobra Pehlivanova ni mí," ni obìnrin náà wí. "Ọmọ mi nìyí. Ó wà lọ́sibítù, àìsàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà ní ká máa retí. Kí la ó máa retí?"

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, àwòrán kọ́ ló ṣe é."

"Mi ò ní ìwọ lo ṣe é. Ṣé mo ní bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo wá sọ ni pé kí o yọ ọ́ níbẹ̀." Ó fi ìka kan ojú fèrèsé. "Kí o sì fi mí sí i."

Asparuh gbé ìjókòó wá fún un. Ó kọ̀, kò jókòó.

"Mi ò lè fi yín sí i, Ìyá."

"Kí ló dé? Òfin rẹ kọ́ ni? Ọmọ mi kà á sí mi létí: ẹnì kan gbọ́dọ̀ gòkè. Mo ti gbó, ọmọ mi. Kò sí ohun tí mò ń ṣe nísàlẹ̀ yìí ju pé mò ń rẹ ẹ̀wà lọ."

Zornitsa rí i pé bí òun bá kọ̀, tí ọkùnrin náà sì kú, obìnrin yìí á gbà pé òun ni kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ó sì rí i pé bí òun bá gbà, òun á máa ka gbogbo ìwé ìkéde òkú tó wà lára ilẹ̀kùn títí òun fi máa rí orúkọ Dobra. Ó fa ìgò ọ̀dà funfun tó fi ń tún àṣìṣe ṣe sún mọ́ ara rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun iwájú orí, ó kun ojú, ó kun imú náà. Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́, nítorí bí ẹni ń fi aṣọ bo òkú lójú ni ó rí. Nígbà tó gbẹ, ó ya kọ́tìnì àti iyàrá òfìfo sórí rẹ̀.

Obìnrin náà gbé ìwé sún mọ́ ojú. "Kò sẹ́ni níbẹ̀."

"Kò sẹ́ni. Ó ti lọ sílé."

"Òfin ńkọ́?"

"Èmi ni mo ṣe é. Mo ti pa á rẹ́."

Dobra wò ó pẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo ọmọdé tó ní òun ti gbálẹ̀ tí pàǹtí sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "O ò mọ ìtàn ara rẹ tó bí Kuzman ṣe mọ̀ ọ́n," ló wí. Ó di ìwé náà sínú ọ̀rá, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, Zornitsa gbé abala tuntun jáde, níbi tí ẹnì kan ti bá ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀ láìsí pé ẹlòmíràn gòkè. Àwọn òǹkàwé bínú. Ìbéèrè kan náà ló ń tún yọ lábẹ́ àwòrán: Ta ló dúró sójú fèrèsé? Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í já, Asparuh pè é lórí fóònù. "Zori, Onímú ti padà sẹ́nu iṣẹ́ o! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ." Zornitsa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sunkún, lẹ́yìn náà ó sùn bí kò ṣe sùn látìgbà Plovdiv.

Kuzman wá fúnra rẹ̀ nígbà tí ìpàtẹ Burgas tún yí po. Ó ti rù, imú rẹ̀ wá dà bíi pé ó tóbi sí i. Ó gbé ife kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì, àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà sí, èyí tí à ń pín nítorí òkú.

"Ẹ jẹ ẹ́ fún ìyá mi."

Asparuh bọ́ fìlà rẹ̀. Kuzman ṣí ìwé náà. Ẹnì kan wà nínú iyàrá òfìfo: orí róbótó bí èyí tí ọmọ ilé ìwé yà, gèlè, ojú méjì tó tóbi jura wọn lọ, ọwọ́ kan lókè. Bírò búlúù ni.

"Kò ya nǹkan rí láyé rẹ̀," ni Kuzman wí. "Nínú bọ́ọ̀sì ló ti yà á, lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Ó wá fi hàn mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bá a jà. Ó ní, 'Dákẹ́, kí o jẹun rẹ.' Mo ti padà sílé kó tó kú. Ìdí ìkòkò ẹ̀wà ló wà. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀."

"Ó lè ti ń ṣe é tipẹ́," ni Zornitsa wí.

"Ó lè ti ń ṣe é." Ó yọ ìwé ìkéde òkú kan tó ká sínú àpò, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Fọ́tò Dobra wà láàárín. "Ẹ bá mi tún un yà, ọ̀gá mi. Ojú ìyá mi ò rí báyìí."

Zornitsa ti lóun ò ní ya ojú ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Ó mú gègé. Ó tẹ̀ lé ìlà búlúù náà, ó ń fi dúdú sí i: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìhunjọ tó wà nídìí ẹnu, ìwò tí obìnrin náà wò ó lọ́jọ́ yẹn. Ó jọ ọ́ débi pé Kuzman mí kanlẹ̀. Ọwọ́ lókè náà ló fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ni ó gbé gègé lọ sí etí ewé, síbi ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó ní kí òun ṣí i díẹ̀, kí arúgbó náà rí ọ̀nà jáde.

Kuzman fi àtẹ́lẹwọ́ bo ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ má ṣí i," ló wí. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rántí òfin náà. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Zornitsa dé gègé. Ó bu àlìkámà náà sẹ́nu, ó ní, "Kí Ọlọ́run foríjì í," bí a ṣe ń wí, ṣúgà náà sì ń rún wẹ́wẹ́ léyín rẹ̀.

Ó ń wo Kuzman bó ṣe ń lọ láàárín àwọn èèyàn. Lẹ́nu àgọ́, ọkùnrin náà dúró, ó ṣí ìwé, ó tẹjú mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ bí ẹni tó jáde nílé tó wá padà lọ wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn. Ó pa ìwé dé, ó sì bọ́ sínú oòrùn.