Ẹ̀bà Tí Mo Fi Omi Òkun Tẹ̀

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí agolo sàdíìnì kán mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, mo fi ṣíbí gún un, òróró ta sí mi láṣọ, ẹja ò jáde. Búrẹ́dì lásán ni mo jẹ. Ibi tí mo ti ń bínú sí agolo ni mo ti rántí ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa ẹja jù mí lọ, tí mo sì tìtorí ẹ̀ kórìíra.

Nǹkan bí ọdún 1981 ni. Gawon Nama là ń gbé ní Sókótó, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ìbejì wa. Mi ò kàwé kọjá ọdún kejì nílé ìwé módà, lọ́rì ìjọba ni mò ń wà. Wẹ́dà kan tó ń jó irin wá gba yàrá tó kọjú sí tiwa. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́ ní Gíríìsì nílẹ̀ òyìnbó, ní ìlú kékeré kan létí òkun, ló bá gbébẹ̀ fún oṣù méje. Bọ̀dá Òkun ni gbogbo ilé ń pè é.

Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi dóńgóyárò, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń fi ẹfun kun ilé wọn níbẹ̀, títí kan ìdí igi. Ó ní tó bá dọ̀sán gangan, gbogbo ìlú á tilẹ̀kùn, wọ́n á lọ sùn, olè náà á sùn. Ó ní ẹran omi kan wà, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kò léegun, tí àwọn apẹja ń nà mọ́ àpáta kó lè rọ̀, wọ́n á wá sá a sórí okùn bíi síńgílẹ́ẹ̀tì. Àwọn bàbá arúgbó ń ka tẹ̀sùbáà látàárọ̀ dalẹ́.

Ìyàwó mi bi í pé, "Mùsùlùmí ni wọ́n ni?"

"Rárá o, Ìyá Ìbejì. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Wọn ò fi gbàdúrà kankan, ọwọ́ wọn ni ò fẹ́ jókòó lásán."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Ọdún mẹ́fà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín tó tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó. Ní báyìí, á gbé oúnjẹ fún mi, á gbé àpótí ìjókòó lọ sábẹ́ igi. Èmi àti ọbẹ̀ la jọ ń wo ara wa. Wọ́n ní obìnrin ló ń jowú. Ẹ ò bá wá wò mí nígbà yẹn! Mo ń ka àbùkù ọkùnrin yẹn: etí ẹ̀ fẹ̀, ó ń hanrun, ṣòkòtò ẹ̀ ò délẹ̀. Ìyàwó mi wá ní kí n ra ẹfun, ká fi kun ìdí ògiri wa. Ìyẹn ló pa mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi náà lọ sábẹ́ igi. Mo ní, "Èmi náà ti gbé etí òkun rí."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyàwó mi náà yíjú. Ó dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè dákẹ́ mọ́.

"Èkó ni, nígbà tí mò ń kọ́ mọ́tò. Ẹ̀yìnkùlé wa ni òkun wà. Tí omi ẹ̀rọ ò bá yọ, a máa ń bu òkun, a máa ń gbé e kaná, a máa ń fi tẹ ẹ̀bà."

Tíṣà obìnrin kan, ará Ìjẹ̀bú, tó ń gbé yàrá igun, bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Bàbá Ìbejì! Òkun oníyọ̀ yẹn? Ẹ jẹ ẹ́, ẹ ò kú?"

Ilé dàrú. Bọ̀dá Òkun nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ọ̀sà ló ń sọ. Omi ọ̀sà mìíràn ò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Ó gbà mí sílẹ̀. Ǹ bá gbá a létí. Òun ló lòkun, òun náà ló tún láàánú!

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo omi lọ́rì. Ọgbà ìjọba là ń gbé lọ́rì sí lálẹ́, gbogbo wọn ló mọ̀. Yàrá ni mo wọ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí òkú kú fún. Ìyàwó mi wọlé tẹ̀lé mi.

Mo ní, "Ṣé wàá bá a lọ sí Gíríìsì ni?"

Ó fa àpótí sún mọ́ mi, ó jókòó.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ti wa lọ́rì dé Argungu lọ́dún yìí. Wọ́n ní odò ńlá wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ń bẹ́ sómi, wọ́n ń fọwọ́ mú ẹja. Ẹ ò sọ bó ṣe rí fún mi rí."